Pẹ́nì Ń Tán Lọ: Bí Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣe Lè Máa Sún Owó Tí Ará Ìlú Ń San

Owó omi jẹ́ $47.83. Ẹni tó wá san án gbé dọ́là 50 kalẹ̀, ṣéńjì rẹ̀ sì jẹ́ $2.17. Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ṣí dúrọ́ọ̀, ó rí dọ́là, ó rí owó ẹyọ sẹ́ǹtì 10 àti ti sẹ́ǹtì 5, ṣùgbọ́n ihò tí pẹ́nì, owó ẹyọ sẹ́ǹtì 1, máa ń wà ti ṣófo. Báǹkì náà ní àwọn kò ní. Sẹ́ǹtì 2 tó kù ńkọ́? Ibẹ̀ ni sísún owó ti wọlé: kí a gbé iye náà sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ kó lè parí sí 0 tàbí 5.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ọlọ́jà ló ni ọjà rẹ̀. Ó lè fi sẹ́ǹtì 3 jin oníbàárà, ó sì lè yí iye ọjà padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òfin ló dá iye tó ń gbà. Kò láṣẹ láti fi sẹ́ǹtì 1 jin ẹnikẹ́ni, kò sì láṣẹ láti gba sẹ́ǹtì 1 lé e. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì county (ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) àti ti ìlú ní Amẹ́ríkà ni mo kọ èyí fún: ẹni tó jókòó sídìí fèrèsé ìsanwó, ẹni tó ń ṣe ìṣirò lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó wà lórí rísíìtì òun náà yóò rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibí

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump ní kí ilé iṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ pẹ́nì títẹ̀ dúró. Ní ọdún ìṣúná 2024, sẹ́ǹtì 3.69 ni wọ́n ń ná kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó jẹ́ sẹ́ǹtì 1. Ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n tẹ èyí tó kẹ́yìn fún ìnáwó ní Philadelphia, owó tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1793. Pẹ́nì kò kú o. Ó ṣì jẹ́ owó tó bófin mu, ẹni tó bá sì ní in lè ná an. Tuntun ni kò wọlé mọ́, àwọn tó wà níta sì ti kó sínú ìgò, sínú mọ́tò, sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Kánádà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2013 ni wọn kò pín pẹ́nì fún báǹkì mọ́, ṣùgbọ́n ìjọba wọn ti gbé ìlànà kalẹ̀ ṣáájú: owó bébà (ìyẹn owó tí a kà sọ́wọ́, ẹyọ náà wà nínú rẹ̀) nìkan ni kí wọ́n máa sún, sí sẹ́ǹtì 5 tó bá sún mọ́ ọn jù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣírò owó orí tán. Káàdì àti sọ̀wédowó dúró bí wọ́n ṣe wà. Ní Amẹ́ríkà, pẹ́nì dáwọ́ dúró kí òfin àpapọ̀ kankan tó wà tó sọ bí a ó ṣe máa sún owó, nítorí náà iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, county àti ìlú.

Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó kékeré bá pòórá tí kò sí ìlànà. Kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú náírà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Ní oṣù Kejì ọdún 2007, Báǹkì Àpapọ̀ tún gbé owó ẹyọ 50 kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 jáde; ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbé e sápò. Ẹni tó ń gbowó ló ń jẹ èlé rẹ̀ lójoojúmọ́: “ṣéńjì ò sí, ẹ gba súwítì.” Kọ̀ńdọ́ tiẹ̀ máa ń so èrò méjì pọ̀ pé kí wọ́n lọ pín in níwájú. Ọlọ́jà lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó mú un jẹ. Bí ọ́fíìsì ìjọba bá ṣe é, owó tí òfin kò fọwọ́ sí ló gbà yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró: gbèsè kì í yí padà, owó tí wọ́n kó kalẹ̀ lórí káńtà nìkan ló ń yí. Owó omi jẹ́ $47.83 láàárọ̀, $47.83 náà ni yóò jẹ́ nírọ̀lẹ́ nígbà tí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti san tán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí owó bébà ti ń wọlé

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo fèrèsé tí ìjọba yín ti ń gba owó bébà: owó orí ilé, owó omi àti ìdọ̀tí, ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, ibi ìforúkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ilé ìkàwé, ọgbà ìgbafẹ́, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé ajá tó sọnù, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ẹbí ti ń fi owó sílẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ó rí fèrèsé kan tí ẹ̀ka ìṣirò owó kò mọ̀ pé ó ń gba owó bébà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bóyá iye tó ń gbà máa ń parí sí 0 tàbí 5. Ìwé àṣẹ tó jẹ́ $35 kò ní ìṣòro. Ibi tí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún bá ti wọ̀ ọ́ ni pẹ́nì ti ń jáde: èlé ìdá 1.5 lórí gbèsè $612.49 jẹ́ $9.19, mítà omi àti ìwọ̀n owó orí ilé náà ń bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fèrèsé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nìkan ló nílò ìlànà. Ìyókù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló láṣẹ?

Kí ẹnikẹ́ni tó sún sẹ́ǹtì kan, ẹ bi agbẹjọ́rò ìjọba ìbílẹ̀ yín ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ìpínlẹ̀ wa ti ṣe òfin tàbí ìlànà lórí èyí? Èwo nínú owó tí à ń gbà ló jẹ́ pé ìgbìmọ̀ wa ló dá iye rẹ̀, èwo ló jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ló dá a? Ṣé ìpinnu ìgbìmọ̀ tó, àbí a nílò òfin ìbílẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Owó tí ìgbìmọ̀ ìlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, ìgbìmọ̀ náà lè sọ bí a ó ṣe gbà á. Ṣùgbọ́n owó kóòtù sábà máa ń jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àwọn aláṣẹ kóòtù ló sì ń darí rẹ̀. Owó orí ilé tún ní ẹlòmíràn nínú: county, ìlú, ilé ẹ̀kọ́. Ìlú kan kò lè jókòó lórí àga tirẹ̀ kó máa fi sẹ́ǹtì ilé ẹ̀kọ́ jin ará ìlú.

Òfin kan wà tí kí ẹ má gbàgbé. Òfin àpapọ̀ 31 U.S.C. 5103 sọ pé owó ẹyọ àti owó bébà Amẹ́ríkà bófin mu fún gbogbo gbèsè, fún owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú, àti fún owó orí. Pẹ́nì wà lára owó ẹyọ yẹn. Bí ìyá àgbà kan bá mú $47.83 wá géérégé, pẹ́nì mẹ́ta nínú rẹ̀, ẹ gbà á, ẹ kí i, ẹ má sún nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan bí ẹ ó ṣe máa sún un

Ibí yìí ni àríyànjiyàn wà. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbé wá sí ìpàdé.

Ti àkọ́kọ́ ni kí a sún un sí sẹ́ǹtì 5 tó bá sún mọ́ ọn jù, bíi ti Kánádà. Iye tó bá parí sí 1 tàbí 2 yóò sọ̀ kalẹ̀ sí 0. 3 àti 4 yóò gòkè sí 5. 6 àti 7 yóò sọ̀ kalẹ̀ sí 5. 8 àti 9 yóò gòkè sí 10. Bí gbogbo nọ́ńbà bá ń wá bákan náà, èyí tó gòkè àti èyí tó sọ̀ kalẹ̀ yóò pa ara wọn rẹ́, ìjọba kò ní jèrè, kò sì ní pàdánù. Ó dọ́gba lórí ìwé.

Ti èkejì ni kí a máa sún un sílẹ̀ nígbà gbogbo. $47.83 di $47.80, $47.89 di $47.85. Ìjọba ló ń gbé àdánù rẹ̀, kò sì lè ju sẹ́ǹtì 4 lọ lórí ìsanwó kan.

Èrò tèmi: fún ìjọba, ẹ máa sún un sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá sún owó sókè, ó ti gba ju ohun tí òfin kọ lọ, ìbáà jẹ́ sẹ́ǹtì 1, ẹnì kan yóò sì wá béèrè lọ́jọ́ kan pé òfin wo ló fún un láṣẹ. Ìdí kejì tún wuwo lójú mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń san owó bébà sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà, tàbí ẹni tí kò ní akáwùńtì ní báǹkì. Oníkáàdì ń san iye gan-an. Kí ló dé tí ẹni tí kò ní káàdì yóò fi san sẹ́ǹtì 2 lé e?

Èló ni yóò wá ná ìjọba? Ká ní ìsanwó owó bébà 300 ló ń wọlé lóòjọ́, tí nọ́ńbà tó kẹ́yìn sì ń wá bákan náà láti 0 dé 9. Ìpíndọ́gba àdánù jẹ́ sẹ́ǹtì 2. Ìyẹn jẹ́ $6 lóòjọ́, $1,500 fún ọjọ́ iṣẹ́ 250. Gan-an gan-an kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ owó tí ìjọba ń gbà ń parí sí 00. Owó tí ẹ ó fi ránṣẹ́ wá pẹ́nì kiri báǹkì lọ́dún kan lè ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí kò yára ṣùgbọ́n tó ń pa ìṣòro láti gbòǹgbò: kí ìgbìmọ̀ yí iye owó fúnra rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n bá tún ń yẹ àwọn owó ìwé àṣẹ àti owó ẹ̀dà ìwé wò lọ́dọọdún, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí sí 0 tàbí 5. Fún èlé orí gbèsè, òfin ìbílẹ̀ lè sọ pé iye tí ìṣirò bá mú jáde yóò sọ̀ kalẹ̀ sí sẹ́ǹtì 5. Èyí yàtọ̀ sí sísún owó lójú fèrèsé, nítorí gbèsè fúnra rẹ̀ ni òfin ti yí padà, oníkáàdì àti olówó bébà yóò sì jọ jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ṣé kí a kúkú ní kí gbogbo ènìyàn lo káàdì? Mo ti gbọ́ àbá yìí, kò sì bá mi lára mu. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń gba owó lórí lílo káàdì. Bí wọ́n bá ń gba ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó orí ilé $612.49, $15.31 nìyẹn. A ò lè torí sẹ́ǹtì 4 ju ènìyàn sínú dọ́là 15.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i

Ojú ìwé kan ti tó. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí, ẹ fún agbẹjọ́rò kó wọ̀ wọ́n láṣọ òfin:

“Láti ọjọ́ tí a dá, bí ẹnikẹ́ni bá fi owó bébà tàbí owó ẹyọ san gbèsè tán, tí kò sì kó iye gan-an wá, àpapọ̀ iye tí ó kù láti san yóò sọ̀ kalẹ̀ sí sẹ́ǹtì 5 tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ó sún un nínú ìsanwó kan, lórí àpapọ̀, lẹ́yìn gbogbo owó orí, èlé àti ìtanràn. A kò ní sún ìsanwó káàdì, sọ̀wédowó tàbí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó ka gbèsè náà sí èyí tí a san tán pátápátá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìnáwó ìjọba yìí, a kò sì ní yọ ọ́ nínú ìpín ẹnikẹ́ni.”

Gbólóhùn tó sọ pé a ó ka gbèsè sí èyí tí a san tán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò rí i pé ẹnì kan ṣì jẹ $0.04 lórí owó orí ilé rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀, èlé yóò gun orí rẹ̀, lẹ́tà ìkìlọ̀ yóò jáde, òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ tó wà lórí lẹ́tà náà yóò sì ju gbèsè lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kọ̀ǹpútà àti ìwé ìṣirò

Ìgbésẹ̀ yìí ló gba àkókò jù, òun náà ló sì máa ń mú ọ́dítọ̀ padà wá. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ta ètò kọ̀ǹpútà ìgbowó fún yín, kí ẹ béèrè bóyá ó lè sún owó níbi tí a ti ń yan ọ̀nà ìsanwó. Ibẹ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé lórí ìlà owó omi tàbí ìlà owó orí ló ti ń sún un, ẹ kọ̀ ọ́, nítorí gbèsè ni ó ń yí padà yẹn.

Ẹ ṣí akáwùńtì tuntun kan nínú ìwé ìṣirò, orúkọ rẹ̀ “Ìyàtọ̀ sísún owó bébà”. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ akáwùńtì tí ẹ ti ń kọ àlékún àti àìpé dúrọ́ọ̀ sí. Àìpé dúrọ́ọ̀ ni ibi tí a ti ń mọ̀ bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣàṣìṣe tàbí tó ń fọwọ́ kan owó. Bí sẹ́ǹtì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó bófin mu bá ń dà sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ojú ọ̀gá kò ní ríran mọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ènìyàn mẹ́ta san owó láàárọ̀: owó omi $47.83, owó orí ilé $612.49, ìwé àṣẹ $35.00. Àpapọ̀ gbèsè jẹ́ $695.32. Bí a bá ń sún un sílẹ̀, owó tó wọ dúrọ́ọ̀ jẹ́ $47.80, $612.45 àti $35.00, àpapọ̀ $695.25. Nínú ìwé, owó omi gba $47.83 tirẹ̀, owó orí gba $612.49, ìwé àṣẹ gba $35.00, owó inú dúrọ́ọ̀ jẹ́ $695.25, akáwùńtì ìyàtọ̀ sì gbé $0.07. Àpá méjèèjì dọ́gba. Nígbà tí wọ́n bá ń pín owó orí fún ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn yòókù, $612.49 ni wọ́n ó pín, county ni yóò gbé sẹ́ǹtì 4 náà. Bí ó bá jẹ́ sẹ́ǹtì 5 tó sún mọ́ ọn jù ni ìlú yín yàn, $47.85 àti $612.50 ni ẹ ó gbà, akáwùńtì ìyàtọ̀ yóò sì ní $0.03 lérè.

Bí ètò kọ̀ǹpútà yín kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tẹ kóòdù kan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí kóòdù náà má gba ju $0.04 lọ. Láìsí òdiwọ̀n yẹn, ọ̀nà tí ẹnì kan lè gbà fi owó pamọ́ ni ẹ ṣí sílẹ̀.

Lórí rísíìtì, ìlà mẹ́rin ni kó hàn: iye gbèsè $47.83, sísún owó bébà $0.03, owó tí a gbà $47.80, gbèsè tó kù $0.00. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ wò kí ẹ tó kúrò nídìí fèrèsé. Bí ó bá ní $0.03, ẹ padà sẹ́yìn, kí wọ́n tún un ṣe lójú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ọ̀ràn tí yóò wá bá yín

Ẹni tó fẹ́ san díẹ̀ lórí gbèsè. Ó jẹ $212.37, dọ́là 50 ló mú wá. Kò sí ohun tí a ó sún. Ẹ gba dọ́là 50, ó ku $162.37. Ọjọ́ tó bá wá san èyí tó kẹ́yìn ni ẹ ó sún un.

Ẹni tó fẹ́ san apá kan pẹ̀lú káàdì, apá kejì pẹ̀lú owó bébà. Ẹ gba ti káàdì bó ṣe wà, kí ẹ sún ìyókù tó kù fún owó bébà.

Ẹni tó mú ìwé gbèsè mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sún àpapọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè ní òun fẹ́ san wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí sẹ́ǹtì tó dín kù lè pọ̀. Ẹ gbà fún un. Ẹni tó bá tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí sẹ́ǹtì 12 ti ṣiṣẹ́ fún un.

Ìjọba ló ń dá owó padà. Ibí yìí ni òṣìṣẹ́ ti máa ń ṣì í, nítorí ọwọ́ yí padà. Bí owó ìdúró (dípósíìtì) tí ẹ fẹ́ dá padà bá jẹ́ $18.62, tí ẹ sì ń san án ní owó bébà, ẹ gbé e sókè sí $18.65. Ìlànà náà ni pé kí ará ìlú má pàdánù. Nígbà tó ń san, iye náà ń sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó ń gbà, ó ń gòkè. Bí ẹ bá kọ sọ̀wédowó fún un, $18.62 gan-an ni.

Owó tí kì í ṣe ti ìjọba. Owó tí kóòtù ní kí ọ̀daràn san fún ẹni tó ṣe níbi, owó ẹlẹ́wọ̀n, owó ìdúró oníyàrá: ìjọba kàn ń bá olówó tọ́jú wọn ni. Kí ẹni tó ni ín gba gbogbo rẹ̀ pé. Bí ẹ bá sún un lójú fèrèsé, kí akáwùńtì ìyàtọ̀ ìjọba dí i.

Pẹ́nì tí ará ìlú mú wá. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ tí ìlànà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í ṣe ṣéńjì fún àwọn kan kí ẹ sì sún ti àwọn mìíràn. Ẹni tó wà ní fèrèsé kejì yóò rí i, yóò sì béèrè ohun tí òun ṣe. Ẹ kó wọn sápò lọ́tọ̀, kí ẹ bi báǹkì yín bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ sọ fún ará ìlú, kí ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́

Ìkéde kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yé ènìyàn: “Bí ẹ bá fi owó bébà san, tí ẹ kò mú iye gan-an wá, a ó dín iye tí ẹ ó san kù sí sẹ́ǹtì 5. Gbèsè yín yóò tán pátápátá. Káàdì àti sọ̀wédowó kò yí padà. Bí ẹ bá ní pẹ́nì, a ó gbà á.” Ẹ gbé e síta ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, kí ẹ sì fi sínú lẹ́tà owó omi tó bá jáde lóṣù yẹn. Ibi tí àwa Yorùbá bá pọ̀ sí, bí apá kan Houston tàbí Maryland, kò burú kí ẹ lẹ ti èdè wa mọ́ ọn.

Òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀ nílò ìdánrawò wákàtí kan, pẹ̀lú owó gidi lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ti ẹni tó ń gba owó padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ẹ sì kọ́ wọn ní gbólóhùn tí wọ́n ó sọ, kí ó má bàa dà bíi pé àánú ni wọ́n ń ṣe fún ènìyàn: “Ẹ̀gbọ́n, $47.80 ni ẹ ó san, ti owó bébà nìyẹn; gbèsè yín ti tán.”

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: yíyẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ àti lóṣooṣù

Nígbà tí wọ́n bá ti dúrọ́ọ̀ pa lálẹ́, owó tí wọ́n kà gbọ́dọ̀ bá iye tí kọ̀ǹpútà ní wọ́n gbà mu géérégé. Sísún owó kì í ṣe àwáwí fún àìpé. Kọ̀ǹpútà ti yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀gá ní ìdánwò kan tó rọrùn. Ẹ mú iye tó wà nínú akáwùńtì ìyàtọ̀, kí ẹ fi iye ìsanwó owó bébà ọjọ́ náà pín in. Bí ẹ bá ń sún un sílẹ̀, ìdáhùn kò lè ju sẹ́ǹtì 4 lọ láé, kò sì yẹ kó ju sẹ́ǹtì 2 lọ púpọ̀. Ìsanwó 300 kò lè mú ju $12 jáde. Bí akáwùńtì náà bá ní $40, ẹnì kan ní ohun tó yẹ kó ṣàlàyé láàárọ̀ ọ̀la. Bí ó bá jẹ́ sẹ́ǹtì 5 tó sún mọ́ ọn jù ni ẹ yàn, akáwùńtì náà yẹ kó máa rọ̀ mọ́ òdo. Bí ó bá ń lérè lóṣù dé oṣù, ẹ wá owó tó sábà ń parí sí 3 tàbí 8, kí ìgbìmọ̀ tún un dá.

Ẹ fi àkọsílẹ̀ oṣù náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, ìlà kan péré nínú ìròyìn ìṣúná: ìsanwó mélòó ni a sún, èló ni ó ná wa.

Ohun kan ṣẹ́kù tí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà yín ṣe kí ó tó lọ. Owó ẹyọ sẹ́ǹtì 5 náà ń ná ìjọba ju iye rẹ̀ lọ: sẹ́ǹtì 13.78 ní ọdún ìṣúná 2024, òun náà sì lè tẹ̀lé pẹ́nì lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ ní kí ó má tẹ “5” mọ́ inú ètò náà, kí ó fi í síbi tí ọ̀gá ìṣirò lè yí padà fúnra rẹ̀, kí òdiwọ̀n $0.04 tó wà lórí kóòdù náà sì máa bá a yí.